Kí Ẹ Tó Di Ẹrù Wá sí Spéìn Láti Kọ́ Wọn ní Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Láti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí Dolphins ti Miami àti Commanders ti Washington wá gbá ìdíje NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù, ní pápá Bernabéu ní Madrid, fóònù mi ò sinmi mọ́. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Houston, ní Maryland, ní Peckham, ohun kan náà lẹ ń béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ kan ní Spéìn ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní ilé wà, tíkẹ́ẹ̀tì wà. Ṣé kí n máa bọ̀?" Mo ti dá ẹni bíi mẹ́sàn-án lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbi kan, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà tèmi.

Àwọn tí ẹ rí ní Bernabéu, àlejò ni wọ́n. Dolphins fi 16 sí 13 borí lẹ́yìn àfikún àsìkò, wọ́n wọkọ̀ òfuurufú, ó parí. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí àwọn ará Spéìn fúnra wọn ń gbá wà lábẹ́ líìgì tí wọ́n ń pè ní LNFA. Ó ti wà láti 1995, ó sì ní ìpele A, B àti C. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ níbẹ̀, agbábọ́ọ̀lù ló ń sanwó kó tó lè gbá a. Òun ló ń dá owó ẹgbẹ́, òun ló ń ra akoto àti páàdì èjìká rẹ̀, òun náà ló tún ń dá sí owó bọ́ọ̀sì. Inú owó yìí kan náà ni wọn yóò ti yọ ti kóòṣì. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa ní Barcelona Dragons ńkọ́, àwọn tó gba World Bowl, ife líìgì tí NFL gbé kalẹ̀ ní Yúróòpù, ní 1997 lórí òkè Montjuïc ní Barcelona. Owó NFL ló gbé ẹgbẹ́ yẹn dúró, 2003 ni wọ́n sì pa á tì. Èyí tó tún jẹ́ orúkọ náà ní 2021 kò kọjá 2023.

Èmi alára, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí bàbá mi kó wa dé Alief ní Houston, ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sínú bọ́ọ̀lù yìí. Mo gbá a ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo gbá a ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan, mo sì ṣe igbákejì kóòṣì fún ọdún mẹ́rin ní Texas kí ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn odi Madrid tó kọ̀wé sí mi. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ṣì ń jẹun nílé àwọn kan nínú wọn dòní. Àmọ́ ohun tí wọ́n pè ní iṣẹ́, ìgbàlejò ni. Oúnjẹ àlejò ni wọ́n gbé síwájú mi, mo rò pé owó iṣẹ́ ni.

Ojú ìwé méjì ni ìwé àdéhùn náà. Yàrá kan nínú ilé tí àwa mẹ́ta jọ ń gbé, 400 yúrò lóṣù, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn yóò dá padà bí sáà bá parí, àti gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pé wọn yóò bá mi ṣètò ìwé ìgbélùú. Mo ka 400 yúrò, mo ní kò burú, mi ò sáà ní san owó ilé. Ẹ wo ohun tí mi ò mọ̀. Lọ́dún 2025, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Spéìn gbà kí wọ́n san fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ jẹ́ 1,184 yúrò, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá lọ́dún. Ẹni tí wọ́n ń fún ní 400 láìfi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Seguridad Social, ètò ìjọba fún ìtọ́jú òṣìṣẹ́, kò sí nínú ìwé ìjọba. Kò ní rí káàdì ilé ìwòsàn gbà. Bó bá sì di pé ó fẹ́ kúrò nínú yàrá ẹgbẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí onílé máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni nómina, ìwé tó fi hàn pé ó ń gba owó oṣù. Ibo ló ti fẹ́ rí i?

Oṣù kìíní 2022 ni mo dé. Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà mi jẹ́ kí n wọlé láìgba físà, ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ péré ni láàárín 180 ọjọ́, kì í sì í ṣe fún iṣẹ́. Ẹ̀yin ti London, láti 2021 tí Brexit ti ṣẹ, ibi tí mo wà yẹn lẹ̀yin náà wà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa, ẹ ó kọ́kọ́ gba físà Schengen ná, ti ìbẹ̀wò kì í sì í ṣe ti iṣẹ́. Mo béèrè ìwé mi ní oṣù kejì, wọ́n ní "tranquilo", ìyẹn ni pé kí n fọkàn balẹ̀. Mo béèrè ní oṣù kẹta, wọ́n ní tranquilo. Ní ọjọ́ kẹrìndínláàádọ́rùn-ún mo di ẹrù mi, mo fowó ara mi ra tíkẹ́ẹ̀tì padà sí Houston. Ìdíje mẹ́ta ṣì kù, ẹgbẹ́ náà sì ń ṣe dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sunkún ní pápákọ̀ òfuurufú, èmi náà sunkún nígbà tí mo jókòó tán. Owó tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wọ́n ní àwọn máa dá padà, mi ò rí i gbà, torí pé mi ò parí sáà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Láti oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tuntun ní àwọn ẹnubodè Schengen. Ó ń gba àmì ìka, ó ń ya ojú, ó sì ń pa ọjọ́ ìwọlé àti ọjọ́ ìjáde mọ́. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ tirẹ̀, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mélòó kan. Nítorí bọ́ọ̀lù tí kò lè sanwó ilé yín!

Ọ̀nà tí mo gbà padà wá kò ti ọwọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kankan wá. Ìjọba Spéìn ní ètò kan fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà láti ran àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Auxiliar de conversación ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tèmi ní 2023, wákàtí 12 sí 16 ni lọ́sẹ̀, owó ìtọ́jú rẹ̀ sì wà láàárín 700 sí 1,000 yúrò lóṣù gẹ́gẹ́ bí agbègbè bá ṣe rí. Ti àwọn ará Britain wà lọ́wọ́ British Council. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wọlé ní oṣù kẹwàá 2023: ìwé FBI tó fi hàn pé mi ò jẹ̀bi ọ̀ràn kankan rí, wọ́n lu àǹtẹ̀ apostille mọ́ ọn kí wọ́n lè gbà á nílẹ̀ òkèèrè, ògbufọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí túmọ̀ rẹ̀. Ó gbà mí lóṣù mélòó kan. Bọ́ọ̀lù wá di ohun tí mo ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì ọjọ́ ìdíje nìkan ni ẹgbẹ́ ń san fún mi. Láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 2025 òfin tuntun ti yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi ìtàn ti 2023 yìí gbéra láìbéèrè ní kọ́ńsúlétì tó sún mọ́ yín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mi rèé. Mo jí ní aago mẹ́fà ààbọ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Aago méjì mo ti padà dé, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì ń tìlẹ̀kùn títí di aago márùn-ún. Mo jẹun, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo gé fídíò ìdíje sí wẹ́wẹ́, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Alẹ́ lójú iṣẹ́ ń là. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń fún wa ní pápá, lẹ́yìn tí àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ bá ti ṣe tán, ìlà tiwọn ló sì wà nílẹ̀. A ó fi ike gbé ìlà tiwa kalẹ̀. Madrid wà lókè, ó tó 650 mítà sí orí òkun. Lóṣù kìíní, atẹ́gùn aago mẹ́wàá alẹ́ ibẹ̀ a máa wọ egungun. Orúkọ 45 ló wà lọ́wọ́ mi. Lálẹ́ tí òjò bá ń rọ̀, 17 ló máa wá. Ọmọkùnrin títóbi tó ń ṣọ́ iwájú quarterback wa, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ilé búrẹ́dì ló ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́rin òru ló ń wọṣẹ́, nítorí náà aago mẹ́wàá ló ń dágbére. Quarterback fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni. Ẹ fi ìwé ètò eré olójú-ewé igba yẹn sílẹ̀ ní Texas. Ẹni 17 kò lè fi mọ́kànlá kojú mọ́kànlá. Aago mọ́kànlá a parí, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin òun ọ̀dùnkún tó ti tutù lórí ìdúró, mo sùn ní aago kan. Aago mẹ́fà ààbọ̀ tún dé.

Èdè ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù, ju owó lọ. Orúkọ eré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò. Kóòṣì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè ní míster níbẹ̀, àmọ́ "coach" ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn sì tàn mí pé a gbọ́ra wa yé. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ ọdún 19 kan fi èjìká gbá ẹnìkan mú, ó ṣubú, kò dìde. Ó ń sọ pé "no siento el brazo." "Lo siento" nìkan ni mo mọ̀, ìyẹn "ẹ má bínú". Mo rò pé ó ń tọrọ àforíjì pé òun ò gbá a mú dáadáa. Mo ní kò sí wàhálà, dìde, a tún un ṣe. Mo na ọwọ́ sí i láti fà á sókè. Nọ́ọ̀sì wa ló sáré dé, tó gbá ọwọ́ mi dànù, tó pariwo kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ọmọ náà ń sọ ni pé òun ò mọ apá òun lára mọ́.

Apá náà padà sípò kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù lóṣù tó tẹ̀lé e. Èmi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ wá sí pápá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́, mi ò sì ní èdè tí mo lè fi sọ fún un pé ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ọmọ rẹ̀ kọ́ ló ń dúpẹ́ fún. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì èdè. Ẹ má dúró dìgbà tí irú èyí bá dé. Kí ẹ tó gbéra, ẹ kọ́ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara, ẹ kọ́ "ó ń dùn mí", ẹ kọ́ "mi ò mọ̀ ọ́n lára", ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀.

Ti oúnjẹ kò le: gaàrí àti ẹ̀lùbọ́ wà ní àdúgbò Lavapiés ní Madrid, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lọ́dọ̀ àwọn ará Latin Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ẹ má gbàgbé pé ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé owó orí ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún, ibi yòówù kí ẹ máa gbé.

Bí ẹgbẹ́ kan bá ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ bi wọ́n, lórí ìwé, ta ló máa forúkọ yín sílẹ̀ ní Seguridad Social, irú físà wo ni wọ́n ń béèrè fún, àti pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń fi ìwé náà ránṣẹ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ tranquilo, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mi ò ní lè gbé fóònù, mo máa wà ní pápá títí di aago mọ́kànlá. Ọjọ́ yòókù, ẹ pè.