Ẹ Lọ Ṣe É Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

"Ẹ lọ ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi! Gbogbo ọ́fíìsì tí mo bá ti sin màmá mi lọ, òun náà ni wọ́n máa ń sọ fún wa. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì ni màmá ń lò, wọn ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè fóònù ńlá.

Lánàá, èmi ni mo jókòó ti fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ní kí màmá lọ kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ orúkọ, mo kọ ọjọ́ ìbí, mo gbé fọ́tò sí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ pòórá! Kóòdù wọlé sórí fóònù màmá; kí wọ́n tó wá awò ojú wọn rí, àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin gbáko.

Àjọ ITU, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù, ní lọ́dún 2024, èèyàn bíi bílíọ̀nù 2.6 ni kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ṣé àwọn yẹn kì í ṣèèyàn ni? Ká má tíì sọ ti àwọn tó ní fóònù ṣùgbọ́n tí apá wọn ò ká owó dátà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tábìlì kan ṣoṣo sílẹ̀, kí èèyàn ẹlẹ́ran ara jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bírò àti fọ́ọ̀mù oníwèé. Kí màmá mi fẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n bá wá.