Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù: Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ méjì

Ọ̀gá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A dúpẹ́ pé ẹ rí àyè kọ̀wé nípa wa.

Ẹ ní ẹ dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó ń ta ẹja omi iyọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú táńkì gíláàsì fún ẹwà ní Èkó, ẹ sì fi wọ́n wéra: ti Ìkẹjà gba ìràwọ̀ márùn-ún, ti Lẹ́kí gba mẹ́rin, tiwa ní Sùúrùlérè gba méjì. Ohun tí ẹ kà sí wa lọ́rùn ni pé ọjà wa wọ́n, pé ẹja tó wà fún títà kò tó nǹkan, pé ọmọbìnrin ìdí kaǹtà wa "ń da ìbéèrè boni bí ọlọ́pàá", pé a kọ̀ láti ta blue tang, ẹja aláwọ̀ búlúù kan, fún yín, àti pé iyùn (ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ni o, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) tí ẹ rà lọ́wọ́ wa kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi kú. Ẹ tún ní kò síbi tí èèyàn máa gbé ọkọ̀ sí. Ti ọkọ̀ yẹn, Sùúrùlérè ni a wà, kì í ṣe àwa la la títì. Èyí tó kù ni màá dáhùn, torí agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni, àwọn tó máa ka ọ̀rọ̀ yín kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wá.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Ẹ ní clownfish tiwa (ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn onílà funfun) fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ju ti Ìkẹjà lọ, "ẹja kan náà, àwọ̀ kan náà". Àwọ̀ lẹ rí. Ẹja tí ẹ bá ní Ìkẹjà lọ́jọ́ náà, ìgbà wo ló dé láti pápákọ̀ òfurufú? Ẹ bi wọ́n bí? Tiwa kì í kúrò ní yàrá ẹ̀yìn títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á fi pé. Ohun tí ẹ ṣe rí àwọn táńkì tí a lẹ "kò tíì ṣeé tà" mọ́ nìyẹn, tí ẹ wá lọ kọ ọ́ pé ẹja ò tó nǹkan lọ́dọ̀ wa. Ẹja wà. Àsìkò títà wọn ni kò tíì tó.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, tí ẹ̀ ń ronú àtira ẹja omi iyọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ ní yàrá ẹ̀yìn yẹn fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú ẹja wọ̀nyí, òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni wọ́n ti ń wá, wọn ò sí nínú òkun tiwa níbí. Bàálù ló ń gbé wọn wá, kálukú nínú náílọ́nù tirẹ̀, pẹ̀lú omi díẹ̀ àti ọ́síjìn, nínú páálí onífóòmù. Wọ́n á ti fi ebi pa wọ́n kí wọ́n tó dì wọ́n, kí wọ́n má baà ba omi jẹ́ lójú ọ̀nà. Síbẹ̀ náà, amóníà, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń ti ara ẹja jáde, á kó jọ sínú omi ọ̀hún. Níwọ̀n ìgbà tí náílọ́nù bá ṣì wà ní dídì, èémí ẹja fúnra rẹ̀ á mú kí omi kan díẹ̀, kíkan yẹn ni kì í jẹ́ kí amóníà rí ẹja gbé ṣe. Gbàrà tí ẹ bá tú u tí atẹ́gùn wọlé, kíkan yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, amóníà á sì di májèlé. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó yàrá ẹ̀yìn wa kì í fi ọwọ́ kan náílọ́nù kankan àfi tó bá ti po omi tuntun sílẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ bá ti inú náílọ́nù mu. Tó bá wá tú u, kíá ni ẹja ti wọ inú omi tuntun. Bí páálí bá dé ní aago méjì òru, aago méjì òru ló ń ṣe é.

Ẹ wá yin ti Lẹ́kí pé "ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti pápákọ̀, wọ́n tú náílọ́nù rẹ̀ níṣojú mi, wọ́n sì fi sùúrù ro omi sí i fún wákàtí méjì". Wákàtí méjì gbáko nínú amóníà, ọ̀gá. Ìràwọ̀ mẹ́rin.

Àrùn tún wà níbẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Cryptocaryon irritans, ich ni àwa ẹlẹ́ja ń pè é. Tó bá mú ẹja, ara rẹ̀ á rí bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á já bọ́, ẹja á mọ́ nigín-nigín, ẹni tó rà á á máa yọ̀ pé ó ti sàn. Ìsàlẹ̀ táńkì ló lọ fara pamọ́ sí. Àwọn onímọ̀ ti rí èyí tó dúró síbẹ̀ tó ọjọ́ 72 kó tó tú jáde wá ba ẹja. Kọ́pà jẹ́ oògùn kan tó ń ràn án, kọ́pà yìí kan náà ló sì ń pa iyùn, edé àti ìgbín, nítorí náà kò ṣeé dà sínú táńkì tí iyùn wà. Yàrá ẹ̀yìn wa la ti ń lò ó, kí ẹja tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Iná, epo jẹnẹrétọ̀, oúnjẹ, oògùn, pẹ̀lú àwọn tó kú mọ́ wa lọ́wọ́ kí wọ́n má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́, inú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni gbogbo wọn wà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù keje, ni ẹ kọ́kọ́ wá, ó wà nínú ìwé wa. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn bi yín kò ju mẹ́ta lọ: báwo ni táńkì yín ṣe tóbi tó, ó ti tó ìgbà wo tí omi ti wà nínú rẹ̀, níbo lẹ ti pọn omi náà. Kì í ṣe ọmọ tí a ṣàdédé mú láti ojú títì, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ló ti kàwé nípa ẹja. Ẹ dá a lóhùn pé gálọ́ọ̀nù 30 ni, pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdáhùn yín ló kọ blue tang fún yín, kì í ṣe òun. Ẹja yẹn tó bá dàgbà á gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, a sì máa lúwẹ̀ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Nínú táńkì yín, kó tó nà tán ló ti fi orí sọ gíláàsì. Ẹ̀gún mímú tún wà nídìí ìrù rẹ̀, tí inú bá bí i, àwọn ẹja tó kù ló máa fi gún.

Ká tiẹ̀ ní táńkì náà tóbi. Táńkì ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì gbọ́n. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di nítíráìtì, àwọn mìíràn á sọ ìyẹn di nítíréètì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Wọ́n sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó láti gbé ẹrù ẹja. Gbogbo èyí ni ó sọ fún yín. Ohun tí ẹ gbé jáde nínú rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ le.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ rí blue tang rà ní Ìkẹjà lọ́jọ́ kejì "láìsí wàhálà kankan". Ẹ kò kọ ibi tí ẹja náà wà báyìí. A ò béèrè.

Ní ti omi, mi ò bá ti fi bò bí kò bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Ọjọ́rú, ọjọ́ 16 oṣù keje, ẹ gbé omi táńkì yín wá nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò kí a bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ la sì ṣe é. Kí ó tó dé orí ẹ̀rọ ni a ti rí òróró tó ń dán lójú rẹ̀. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù Lẹ́kí ló gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má wulẹ̀ náwó sórí iyọ̀, kí ẹ lọ pọn omi òkun ní Ẹlẹ́gúshì, kẹ́ẹ̀gì òróró sì ni ẹ fi pọn ọ́n. Omi òkun yẹ kó wà ní 1.025 lórí refractometer, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi. Tiyín wà ní 1.018. Oṣù keje, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀sà ń ya wọ òkun, gbogbo ohun tí gọ́tà Èkó kó jọ ń bá a lọ, etíkun yẹn lẹ ti lọ pọn omi. Ọmọbìnrin náà ní kí ẹ lo omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, kí ẹ fi iyọ̀ táńkì tó 35 gíráàmù sí lítà kan. Ẹ ní iyọ̀ wa wọ́n.

Ó wá kan iyùn. Sátidé, ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, ẹ padà wá pẹ̀lú omi mìíràn. Omi ọjọ́ yẹn mọ́ rekete: 1.025, amóníà òdo, nítíráìtì òdo. Ó mọ́ débi pé èmi fúnra mi dìde wá wò ó. Táńkì tó ti wá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Orí rẹ̀ la fi ta iyùn kan tí wọ́n ń pè ní hammer coral fún yín, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ síta dáadáa níṣojú yín, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ nínú táńkì wa kí ẹ tó gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wo fọ́tò kejì tí ọ̀gá fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, èyí tí iyùn ti funfun. Ẹ wo apá òsì gíláàsì. Tẹmómítà wà níbẹ̀, ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 32 ló kọ. Ẹ wá wo kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ọ̀ǹpù: hítà ni, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, iná pupa rẹ̀ sì ń tàn.

Hítà. Ní Èkó.

Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé Ìkẹjà ló "ní gbogbo ohun èlò lábẹ́ òrùlé kan", hítà yìí náà wà nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Nínú iyùn bíi èyí, ohun ọ̀gbìn tíntìntín kan ń gbé, òun ló ń bọ́ ọ jù, òun ló sì fún un ní púpọ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀. Tí omi bá gbóná jù, iyùn á lé e jáde, funfun ló kù, tí kò bá sì tètè tutù, ebi ló máa pa á. Nínú òkun gan-an, tí omi bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kan péré gbóná ju bó ṣe máa ń rí lóṣù tó gbóná jù lọ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé èyí ti ń ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé, ìgbà kẹrin irú rẹ̀. Òkun tó gbòòrò bẹ́ẹ̀ ò gbà á, ti gálọ́ọ̀nù 30 wá ńkọ́? Iyùn wa ń gbé nínú omi 25 sí 26, pẹ̀lú chiller tó ń mú omi tutù, pẹ̀lú ínfátà tó ń gbé e nígbà tí NEPA bá ṣe tiwọn. Inú omi yẹn lẹ ti gbé e.

Pé iyùn kún ti Ìkẹjà ju tiwa lọ: iyùn olókùúta wà lábẹ́ CITES, àdéhùn tó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà nínú àdéhùn náà, wọn kì í gbé e kọjá ẹnubodè láìsí ìwé. Ìwé tiwa wà nínú fáìlì, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá. Tẹlòmíràn, ẹ bi í.

Pé ẹ pè wá títí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án tí ẹnikẹ́ni kò gbé e: ọjọ́ Àìkú ni.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ẹja, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ wa tàbí níbòmíràn, ẹ béèrè ọjọ́ tó dé. Ẹ ní kí wọ́n ju oúnjẹ sí i níṣojú yín, tó bá kọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo ìjàgbọ̀n tó fi ń mí, tó bá ń mí gúlegúle, ẹ máa lọ. Oníṣọ́ọ̀bù tí kò bi yín nípa táńkì yín, owó yín nìkan ló ń wò.

Ọ̀gá, a kì í dá owó iyùn padà lẹ́yìn wákàtí 24, ó wà lára rísíìtì, ẹ sì buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a jẹ owó yín: ọmọkùnrin yàrá ẹ̀yìn wa á wá bá yín nílé, ọ̀fẹ́ ni, á sì bu omi látinú táńkì yín fúnra rẹ̀. Mo ní látinú táńkì yín. Tí amóníà àti nítíráìtì bá wà ní òdo, tí omi kò sì kọjá 27 fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, màá fún yín ní hammer coral mìíràn, màá sì fi clownfish méjì tí wọ́n bí sínú táńkì lé e, kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò yín. Ẹ má bi wá pé èwo ni akọ. Akọ ni àwọn méjèèjì báyìí, èyí tó bá tóbi jù ló máa di abo.

Ẹ kọ́kọ́ bá wa yọ hítà yẹn. Bóyá Ìkẹjà á gbà á padà, wọ́n kúkú ní ìràwọ̀ márùn-ún.