Ọ̀kùn kò ní ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀, kì í sì í bu èèyàn jẹ

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ ewé jíjẹrà, á sì máa gun ògiri ilé ìwẹ̀. Kíá, iyọ̀ tàbí kẹrosíìnì ti dé orí rẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún gbogbo wa láti kékeré pé olóró ni. Àwọn tó kàwé á tún fi ti ilé ìwé kún un: centipede, ìyẹn kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó jọ ọ̀kùn, ní 100 ẹsẹ̀, millipede, ìyẹn ọ̀kùn gan-an, ní 1,000. Kò sí òótọ́ níbẹ̀, èyí tó ń mú wa pa ohun tí kò ṣẹ̀ wá ló sì ń dùn mí jù.

Látinú èdè Látìn ni orúkọ méjèèjì ti wá: centum ni 100, mille ni 1,000, pes ni ẹsẹ̀. Wọn ò kà á kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ o, ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹsẹ̀ ọ̀hún pọ̀ lọ súà. Bí kò bá ṣe àbùkù, centipede àgbà kì í tiẹ̀ ní 100 géérégé. Ìdí ni pé oríkèé ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹsẹ̀ méjì, iye oríkèé ẹlẹ́sẹ̀ yìí kì í sì í ṣe é pín sí méjì dọ́gba: ó lè jẹ́ 15, 21, 23, títí dé 191. Kí ẹsẹ̀ tó pé 100, oríkèé 50 ló gbọ́dọ̀ wà, 50 sì pín dọ́gba. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ńlá tó ń ba èèyàn lẹ́rù, ẹsẹ̀ 42 péré ni wọ́n ní.

Ọ̀kùn gan-an ńkọ́? Fún ọdún pípẹ́, 750 ni ẹsẹ̀ tó pọ̀ jù tí wọ́n kà rí, lára ọ̀kan ní California. Ọdún 2021 ni wọ́n tó kéde ẹyọ kan tó kọjá 1,000, láti Ọsirélíà. Inú ihò tí àwọn awakùsà lu ni wọ́n ti rí i, 60 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Kò lójú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,306. Eumillipes persephone ni wọ́n sọ ọ́.

Torí náà, ẹ fi kíkà sílẹ̀. Oríkèé kan láàrin ara rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan lápá ọ̀tún, kan lápá òsì, tí wọ́n yọ síta, tí ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, tó sì ń sáré bí ẹ ṣe ṣí òkúta, centipede ni. Bí ó bá jẹ́ méjì-méjì lápá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wà lábẹ́ ikùn, tí ara rẹ̀ rí roboto, tó ń fà jẹ́jẹ́, tí ẹ fọwọ́ kàn án tó ká kò, ọ̀kùn ni.

Àwa náà ló dà á pọ̀, torí ọ̀pọ̀ ń pe méjèèjì ní ọ̀kùn. Ẹni tó bá ní ọ̀kùn bu òun jẹ, centipede ló pàdé. Ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ centipede ti di ẹ̀mú olóró lábẹ́ orí, ó fi ń pa kòkòrò jẹ. Ọ̀kùn kò ní irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Omi kan tó ń rùn ló ń sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ bí ẹ̀rù bá bà á. Omi yẹn lè pa ọwọ́ láró, ó sì ń ta ojú gan-an, nítorí náà kí ọmọdé tó bá fi í ṣeré fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó nu ojú. Bó bá ta sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

Ewé àti igi tó ti jẹrà ni ọ̀kùn ń jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń di ọ̀rá ilẹ̀ tí àgbàdo wa ń jẹ. Ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a sórí páálí, kí ẹ dà á sí ẹ̀yìnkùlé. Centipede ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ má sì ki ọwọ́ lásán bọ abẹ́ bíríkì.