Ta ni kì í ṣe onítẹ̀síwájú?

Ẹ bá wa wá olóṣèlú kan ní Nàìjíríà tí yóò dúró níwájú èrò, tí yóò sì wí pé, "Èmi ò sí lára àwọn onítẹ̀síwájú." A ti wá a tì. Látorí ẹni tó ń du ipò káńsẹ́lọ̀ dórí ẹni tó ń du ipò ààrẹ, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹni tó fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lálẹ́ àná á jí sínú ẹgbẹ́ mìíràn láàárọ̀ òní, á ní òun ti padà sílé, sáàárín àwọn onítẹ̀síwájú. Àwa akọ̀ròyìn á sì kọ ọ́ bó ṣe wí, a ó fi ṣe àkọlé, a ó gbé e jáde. Ìdí nìyí tí a kò fi lè máa na ìka sí olóṣèlú nìkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ tiwa náà ò mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí kò ní òdìkejì, kí ló ń sọ? Omi tútù wà la ṣe ń pe òmíràn ní omi gbígbóná. Ní Bíríténì, ẹgbẹ́ kan wà tó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Conservative, ó ti ṣe ìjọba láìmọye ìgbà, orúkọ náà ò sì tì í lójú. Lọ́dọ̀ tiwa, èébú tí èèyàn fi ń bu ẹlòmíràn ni "kọ̀nsáfétífù". Kò sẹ́ni tó ń fi í pe ara rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ọjà bá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo títì, kí la tún fẹ́ fi orúkọ ẹ̀gbẹ́ náà júwe ọ̀nà?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kí èèyàn tẹ̀ síwájú ni pé kó gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tó wà. Kò sọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń sá fún olówó èlé náà ń tẹ̀ síwájú. Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ tó ń pariwo pé "Ẹ sún síwájú!" kò ní ìlú kan lọ́kàn tó fẹ́ kí ọkọ̀ dé, àyè èrò méjì sí i ló ń wá.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé irú òṣèlú yìí dé ilẹ̀ Yorùbá ní orúkọ tó sàn ju èyí lọ. Nígbà tí wọ́n fi Action Group lọ́lẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1951, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni àmì rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Afẹ́nifẹ́re ni wọ́n fi ṣe orúkọ rẹ̀ lédè wa. Ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn, tó sì fẹ́ ire fún un. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú ní ohun tó lè fi mú ẹgbẹ́ lẹ́nu: ire wo? Ire fún ta ni? Ta ló máa sanwó rẹ̀? "Onítẹ̀síwájú" kò ní irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀ lára. Ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ ni.

A mọ ohun tó fà á, kò sì burú ká sọ ọ́. Àwọn Òyìnbó a máa ṣe ìwọ̀n èrò òṣèlú ní òsì àti ọ̀tún, nítorí bí àwọn aṣòfin Faransé ṣe jókòó ní 1789: àwọn tó fẹ́ kí agbára ọba dúró wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn tó fẹ́ àyípadà wà lọ́wọ́ òsì. Èdè wa ò gba ìyẹn sára. Ta ni yóò na ọwọ́ òsì sí àgbà? Ta ni yóò gun orí pèpéle ìpolongo ìbò kó ní "òsì ni wá", nígbà tó jẹ́ pé àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà ló wà láàárín òsì àti òṣì? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹrù tí àwọn ẹlòmíràn pín sórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin ṣe di ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa.

Síbẹ̀, ìgbà kan wà tó ru ẹrù náà dáadáa. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, tí kò tó 460,000 ní 1954, kọjá 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Ohun tí wọn kì í sábà rántí ni owó orí tí ìjọba náà kọ́kọ́ bù lé àwọn ará ìlú nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú bí àwọn ènìyàn. Àgbẹ̀ tí kò tíì rí ọmọ tó fi ìwé jẹun rí, ẹ ní kó sanwó ìwé sílẹ̀. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, na Ọlọ́pẹ mọ́lé ara rẹ̀: ìjókòó 23 sí 18. Ẹgbẹ́ tí èrò rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ì bá ti sá padà. Wọn ò sá padà. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì padà borí nínú ìbò ẹkùn ní 1956.

Ojú tí a fi ń wo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. A mọ ohun tí èèyàn gbà gbọ́ níbi tí ìgbàgbọ́ náà ti ná an ní nǹkan. A kò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Lọ́yà, oníṣòwò ńlá àti ọba alayé ló kún inú ẹgbẹ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ onísóṣálísíìmù ìgbà yẹn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí èèyàn lè gbà tàbí kó kọ̀.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní Kánò, ní 1950, ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU ti Aminu Kano kéde gbangba pé ìjà wà láàárín àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ àti àwọn tálákà. (Àwa náà ti yá "tálákà" lọ́wọ́ Hausa, a sì ń lò ó bí ẹni pé tiwa ni.) Nígbà tí PRP, ẹgbẹ́ tí Aminu Kano tún dá sílẹ̀, gba Kánò àti Kàdúná ní 1979, àwọn gómìnà rẹ̀, Abubakar Rimi àti Balarabe Musa, fagi lé owó orí haraji àti owó màlúù jangali. Ilé aṣòfin Kàdúná, tí NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ti pọ̀ jù, yọ Balarabe Musa nípò ní oṣù kẹfà 1981. Ní Èkó lásìkò kan náà, Gómìnà Lateef Jákàńdè ń kọ́ kíláàsì lé kíláàsì kí ẹ̀kọ́ àárọ̀ àti ti ọ̀sán lè dópin. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ilé adìyẹ ló ń kọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilé adìyẹ tàbí ilé ẹ̀kọ́, nǹkan kan wà nílẹ̀ tí ojú ń rí tí ẹnu lè bá jà.

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó bá fò kúrò nínú ẹgbẹ́ mọ̀ pé òun ń la odò kọjá. Akin Ọmọ́bóríowó, igbákejì gómìnà Oǹdó, kọ odidi ìwé kan lórí èrò Awólọ́wọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bọ́ sí NPN, tó sì bá ọ̀gá rẹ̀, Adékúnlé Ajáṣin, du ipò gómìnà ní 1983. Gbogbo ìpínlẹ̀ náà ló gbóná. Ìwà ipá tó tẹ̀ lé ìbò náà burú, a kò ní yìn ín láé. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé odò wà níbẹ̀. Lóde òní, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń rìn kọjá, bàtà ẹnikẹ́ni kì í tutù.

Àwọn ológun ló kọ́kọ́ fa odò náà gbẹ. Ní 1989, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kọ gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́tàlá tó wá forúkọ sílẹ̀, ó sì dá méjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀: SDP ẹlẹ́ṣin, tó ní kó wà "díẹ̀ sí òsì", àti NRC onídì, tó ní kó wà "díẹ̀ sí ọ̀tún". Díẹ̀, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìjọba ló kọ òfin ẹgbẹ́ fún wọn, ìjọba ló kọ́ ọ́fíìsì fún wọn. Olóṣèlú kan wulẹ̀ ní láti yan ilẹ̀kùn tó bá sún mọ́ ọn ni. Láti ìgbà náà ni èrò ti di aṣọ ẹbí: ẹni tó bá ti rà á ti di mọ̀lẹ́bí.

Ìdí nìyí tí a kò fi bá APC jà lórí orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, "Progressive" lédè Òyìnbó, ti wà lára orúkọ ẹgbẹ́ láti ìgbà UPGA ní 1964, APGA náà ní in, APC tó forúkọ sílẹ̀ ní oṣù keje 2013 sì ní in. Ohun tí a ń bi í ni ohun tí wọ́n ń fi orúkọ náà ṣe. Gómìnà márùn-ún fi PDP sílẹ̀ lọ bá APC ní oṣù kọkànlá 2013. Ní oṣù kẹrin 2025, gómìnà Delta àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn PDP ìpínlẹ̀ náà kó wọ inú ẹgbẹ́ onígbálẹ̀. Kí ni ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́ lánàá tí kò gbà gbọ́ mọ́? Owó orí ta ló fẹ́ dín kù báyìí, ti ta ló fẹ́ bù kún? Àwọn tó bínú kúrò nínú APC náà, orúkọ kan náà ni wọ́n gbé sórí lọ síbi tí wọ́n lọ, wọ́n ní àwọn ni ojúlówó. Ẹ ò lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú nígbà tí ẹ kò tíì mọ ọjà tí wọ́n ń tà.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ìrànwọ́ epo ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, ìjọba Goodluck Jonathan yọ ọ́, lítà kan fò láti 65 náírà dé 141, ìlú dàrú, àwọn tó ń pe ara wọn ní onítẹ̀síwájú sì wà lára àwọn tó lòdì sí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ó ti parí, lítà kan sì kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn onítẹ̀síwájú yìn ín. Ní ti ìlànà, èèyàn lè fi òótọ́ inú gbèjà èkínní tàbí èkejì. Ó lè ní àwọn fàyàwọ́ àti olówó ló ń jẹ owó náà, kí a yọ ọ́ kí a fi kọ́ ilé ìwòsàn. Ó sì lè ní ìrànwọ́ kan ṣoṣo tó ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àríyànjiyàn gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tako nǹkan, tí wọ́n tún fi ṣàtìlẹyìn fún un, kò kópa nínú àríyànjiyàn náà rárá. Ó kàn jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn lọ́yà mọ̀ tí wọn kì í sábà sọ. Abala 224 nínú ìwé òfin 1999 ní kí ètò gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú bá Orí Kejì ìwé òfin náà mu. Orí Kejì ọ̀hún ló ní kí ọrọ̀ má ṣe kó sọ́wọ́ ìwọ̀nba ènìyàn, kí ẹ̀kọ́ sì di ọ̀fẹ́ nígbà tó bá ti ṣeé ṣe. Nítorí náà, nínú ìwé, òfin ti sọ gbogbo ẹgbẹ́ wa di onítẹ̀síwájú tipátipá. Ìwé òfin kan náà, ní abala kẹfà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí Orí Kejì yìí. A fi orúkọ fún gbogbo wọn, a sì gba ẹ̀rí lọ́wọ́ aráàlú.

Àwọn kan nínú ọ́fíìsì wa níbí ò gbà pẹ̀lú wa. Wọ́n ní èdè ń yí padà, wọ́n ní iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni kó kọ ohun tí èèyàn bá pe ara rẹ̀, bí a ṣe ń kọ oyè tí ọba fi ẹnìkan jẹ. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó joyè, ọba kan ló fi í jẹ ẹ́, ìlú sì rí i. Ta ló fi àwọn wọ̀nyí joyè tiwọn?

Nítorí náà, láti ìtẹ̀jáde yìí lọ, bí ìdìbò 2027 ṣe ń bọ̀, ìwé ìròyìn yìí kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ pe olóṣèlú tàbí ẹgbẹ́ kankan ní onítẹ̀síwájú mọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ tí àjọ INEC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a ó kọ ọ́ bó ṣe wà. Bí olóṣèlú bá fi pe ara rẹ̀, a ó fi àmì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu sí i, akọ̀ròyìn wa yóò sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta lójú ẹsẹ̀: kí lo fẹ́ fún aráàlú, ta ló máa sanwó rẹ̀, ọdún wo la máa rí i? Ìdáhùn rẹ̀ ni a ó tẹ̀ jáde. Bí kò bá dáhùn, a ó tẹ ìyẹn náà jáde. Òfin kan náà ló de "kọ̀nsáfétífù", nítorí èébú tí kò ní ẹ̀rí kò sàn ju oríkì tí kò ní ẹ̀rí lọ. Ẹni tó bá rí ibi tí a ti gbàgbé, kó kọ lẹ́tà sí olóòtú. A ó gbé e sí ojú ewé yìí kan náà.