Owó wa lẹ gbà, ẹ̀rọ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò òde orin alẹ́ ní Ìlọrin, ẹ̀ṣẹ̀ wo gan-an la ṣẹ̀ yín? Ẹ kọ aago méje sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́sàn-án kọjá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já sípíkà nínú ọkọ̀. Ẹni tó ti Ọ̀fà wá ti jókòó, ẹni tó wọ kẹ̀kẹ́ láti Tanke ti jókòó, owó ti kúrò lọ́wọ́ oníkálukú. Kí ni wọ́n ń gbọ́? “Hẹlò, hẹlò, máìkì, ọ̀kan, èjì.” Ìwọ̀sí gbáà ni!

Báńdì onígìtá tó ń kọ rọ́ọ̀kì kì í ṣe fóònù tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ kó máa kọrin. Ìlù nìkan lè gba máìkì mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dán wọn wò kí èrò tó dé: ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ìlù yòókù á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà béèsì, gìtá, dùùrù, kó tó kan ohùn olórin. Kí gbogbo báńdì wá kọ orin kan tàbí méjì pa pọ̀. Ọ̀sán niṣẹ́ yẹn, ó sì lè jẹ wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Torí pé wọn ò ṣe é, igbe “fíììì” tó ń gúnni létí yẹn ò ní dáwọ́ dúró. Máìkì gbọ́ ohun tó ti ẹnu sípíkà jáde, ó dá a padà fún sípíkà, sípíkà tún gbé e jáde pẹ̀lú agbára ju ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ń gbé e fúnra wọn títí á fi di igbe. Iwájú olórin ni sípíkà ńlá ń gbé, kó kọjú sí èrò. Mọ́nítọ̀ tí olórin fi ń gbọ́ ara rẹ̀, ìdí máìkì ni kó kọjú sí, torí ibẹ̀ ni máìkì olórin tó wọ́pọ̀ kì í ti í gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo MC! Á fàtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo orí máìkì, á dí àwọn ihò tó ń jẹ́ kó mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, á tún lọ dúró síwájú sípíkà. Tó bá ti han, á ní kí wọ́n fi kún un!

Kí wọ́n fi kún kí ni? Iná pupa ti ń tàn lórí míksà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po gbogbo ohùn pọ̀, ohùn ti ń ya, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde ti fẹ́ jó. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohùn irú òde bẹ́ẹ̀ má kọjá dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 100 ní ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì ní ohun ìdítí nílẹ̀ fún èrò. Ta ló ń wọn nǹkan kan níbí?

Béèsì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, nílùú Odòlayé Àrẹ̀mú, olórin dadakúàdà! Dadakúàdà ti kọ́ wa pé ká máa gbọ́ ọ̀rọ̀ olórin yékéyéké.

Tí pápá bá gùn, wọ́n á tún lọ to sípíkà mìíràn sẹ́yìn. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí sípíkà ẹ̀yìn bá fi mítà 34 jìnnà sí ti iwájú, kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá dá ohùn rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Wọn ò ní ṣe é, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ti jẹnẹrétọ̀ ló burú jù. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbé iná ìtàgé, fíríìjì ọlọ́tí àti gbogbo ẹ̀rọ orin. Gbàrà tí wọ́n bá fẹsẹ̀ tẹ ìlù ńlá, iná á rẹlẹ̀, míksà á kú, á tún jí, gìtá á máa kùn. Ẹ fún ẹ̀rọ orin ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, kẹ́ ẹ rọ epo kún un kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ámpù tó ń fún sípíkà lágbára ni kẹ́ ẹ tàn kẹ́yìn, òun náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa, kó má baà dún “gbòà” lójijì kó ba sípíkà jẹ́.

Aago méjì òru ni wọ́n á tó parí, kò sí kẹ̀kẹ́ ní Pósítọ́fíìsì mọ́. Tí báńdì ò bá tíì kọ orin ìdánwò yẹn tán, ẹ má ṣílẹ̀kùn, ẹ má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí iná bá kú tí ẹ ò lè tún un tàn, ẹ dá owó èrò padà lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́nu géètì tí ẹ ti gbà á.