Ẹ yé pe ọ̀rọ̀ àyíká ní ẹ̀sìn, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Ẹni tó bá ti ní kí wọ́n má sun ike mọ́ báyìí, wọ́n á ní ẹ̀sìn òyìnbó tuntun ti dé nìyẹn, pé kábọ́ọ̀nù ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn, wọ́n ní wòlíì, wọ́n tún ń wàásù òpin ayé. Mi ò jiyàn pé àwọn kan nínú àwọn tó ń jà fún àyíká máa ń ṣe bí ajíhìnrere inú bọ́ọ̀sì, wọ́n á máa wò ẹ́ bákan torí náílọ̀n píọ́wọ́tà tó wà lọ́wọ́ ẹ. Ìwà tiwọn nìyẹn.

Mo gbé fíríìjì ìyá mi lọ rọ gáàsì ní Òkè-Fìà, bàbá yẹn so géèjì mọ́ ọn, ó ní "134a ni o, R12 ayé àtijọ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀." Ta ló lé R12 lọ? 1974 ni Molina àti Rowland, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, sọ pé irú gáàsì yẹn á máa jẹ ozone, ìyẹn gáàsì òkè òfúrufú tó ń bá wa dí ìtànṣán oòrùn tó léwu, àwọn tó ń ṣe gáàsì ní kò dájú, nígbà tó di 1985 àwọn tó ń wọn òfúrufú ní Antarctica kéde pé ozone náà ti ń lu lóòótọ́, 1987 àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀wé ní Montreal láti dín irú gáàsì yẹn kù, wọ́n pààrọ̀ gáàsì, ozone sì ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Bàbá onífíríìjì ò rìbọmi kó tó máa lo 134a.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà sì máa ń ṣì í o. 1968 Ehrlich, onímọ̀ ohun alààyè ará Amẹ́ríkà, ní ebi máa pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù èèyàn ní àwọn ọdún 1970, kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ bíi tiẹ̀ sì sọ ọ́ sójú ẹ̀. Ọmọ ìjọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí wòlíì ẹ̀?

Ẹ̀sìn tó ń ṣọ́ igbó, àwa la ni ín. Èèwọ̀ ni kéèyàn pẹja tàbí kó gégi nínú Igbó Ọ̀ṣun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ èèwọ̀ yẹn, òun ló jẹ́ kí igi kù níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà da omi odò Ọ̀ṣun rú tó fi pọ́n bí omi ẹrẹ̀, láàbù ló sọ fún wa pé mẹ́kúrì àti òjé wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó bu omi ọ̀hún sínú ìgò kó gbé e lọ sí láàbù míì.