Gẹ̀ẹ́sì Tí Wọ́n Ní Ká Máa Fi Kọ́ Ọmọ, Ta Ló Ń Gbèjà Tíṣà Ẹ̀ Nílẹ̀ Òkèèrè?

Láti ìgbà tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, ti dúró l'Ábújá lóṣù kọkànlá 2025 tó ní wọ́n ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, tó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo iléèwé máa fi kọ́ ọmọ láti kékeré títí dé yunifásítì, ariwo ò tíì rọlẹ̀. A ti sọ èrò wa lórí ìyẹn, a ò ní tún un sọ lónìí. Ìbéèrè mìíràn ló wà lọ́wọ́ wa, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tá a máa bi wọ́n nìyí: ìjọba tó sọ Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀nà kan ṣoṣo tọ́mọ Nàìjíríà á máa gbà kàwé, kí ló ń ṣe nígbà tí wọ́n bá lé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa padà lẹ́nu ọ̀nà nílẹ̀ òkèèrè torí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ àti àwọ̀ ara ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú Gúúsù Kòríà. Físà tí wọ́n ń pè ní E-2 ni tíṣà èdè máa ń gbà, tó bá sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lo fẹ́ lọ kọ́ wọn, tá a bá yọ àdéhùn kan tí Íńdíà ṣe kúrò, tá a máa dé orí ẹ̀ níwájú, ọmọ orílẹ̀-èdè méje péré ni wọ́n ń fún: Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba, Kánádà, Áílándì, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Ó parí. Ẹni tó gba fọ́ọ̀sì kíláàsì nínú Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn, tó tún gba másításì l'Ífẹ̀, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe WAEC bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ibi tó máa kọ orúkọ ẹ̀ sí nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlélógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìpolówó ọjà ní Ohio, tí ò kọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé ẹ̀, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún un, wọ́n á tún fún un nílé tó máa gbé. Orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè méje yìí kan náà lẹ máa bá nínú ìpolówó iṣẹ́ tó ń wá láti Ṣáínà, torí òfin tiwọn náà ní ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè abínibí ni kí tíṣà ti wá, àfi tó bá lọ gboyè níbẹ̀. Ní Táílándì wọ́n máa ń gba àwọn ọmọ wa, wọ́n ń gba ọmọ Kamẹrúùnù àti ọmọ Fílípìnì náà, àmọ́ owó tí wọ́n ń san fún wọn ò tó ti òyìnbó tó ń kọ́ kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, iṣẹ́ kan náà, wákàtí kan náà.

Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ kọ́, pé ọ̀rọ̀ èdè abínibí ni. A ti gbọ́ ìyẹn títí, ó ti sú wa. Ètò ìkànìyàn tí Gúúsù Áfíríkà ṣe ní 2022 fi hàn pé ẹni 8.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè tí wọ́n ń sọ jù nínú ilé wọn, Zulu ló pọ̀ jù, Xhosa tẹ̀lé e, Afrikaans tẹ̀lé e, síbẹ̀ wọ́n wà nínú méje yẹn. Inú wa ò bàjẹ́ sí ọmọ Gúúsù Áfíríkà o, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n máa rí iṣẹ́ ṣe. Ohun tá à ń béèrè ni pé tó bá jẹ́ èdè inú ilé ni wọ́n fi ń díwọ̀n, báwo ni tiwọn ṣe wọlé tí tiwa wá dúró síta, nígbà tó jẹ́ pé àwa náà, Gẹ̀ẹ́sì ni kóòtù wa ń sọ, òun nilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa ń sọ, òun la fi ń ṣe ìdánwò láti pírámárì?

Ẹni tí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ tiẹ̀ wà nínú méje ọ̀hún gan-an ò bọ́. Wọ́n á ní kó lẹ fótò mọ́ ìwé tó fi ń wáṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Peckham, tí wọ́n bí sí Houston, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́ délẹ̀délẹ̀, tí ìyá wọn ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ Yorùbá díẹ̀, àwọn náà ń ròyìn ohun kan náà: ẹ́jẹ́ǹtì á máa dáhùn dáadáa, á ní sàtífíkéètì wọn dára, tí fótò bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ báyìí, kò ní dáhùn mọ́. Ní 2014, ìwé ìròyìn gbé e pé iléèwé kan ní Kòríà fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i pé aláwọ̀ funfun làwọn ń wá. Ní Ṣáínà ẹ̀wẹ̀, ìròyìn ti jáde léraléra nípa aláwọ̀ funfun láti Rọ́ṣíà àti Ukraine tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì bíi pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí wọn sí, torí ojú wọn lòbí fẹ́ rí lẹ́nu géètì. Kí wá ni wọ́n ń pè ní èdè abínibí níbẹ̀ yẹn?

Èrò yìí ti pẹ́, inú Áfíríkà níbí náà ni wọ́n sì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ní Makerere ní Yùgáńdà lọ́dún 1961, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì pàdé lórí bí wọ́n á ṣe máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ lèrò pé ẹni tí wọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ló lè kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa jù ti gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ bíi Robert Phillipson ti tú u ká láti 1992, ẹgbẹ́ TESOL tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lágbàáyé sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2006 pé àwọn ò fara mọ́ kí wọ́n máa fi ìyẹn nìkan gba tíṣà síṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ, ìrírí ẹ̀ àti bó ṣe mọṣẹ́ sí ló yẹ kí wọ́n wò.

Àwọn tó ń sọ fún wa pé orílẹ̀-èdè olórílẹ̀-èdè ni, pé a ò lè ṣe nǹkan kan sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kòríà kan náà yìí. Láti 2007 ni wọ́n ti ń fipá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tíṣà àlejò wò fún kòkòrò HIV, wọn ò sì yẹ ti àwọn tíṣà Kòríà wò. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ New Zealand, tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ulsan, kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tanú ẹ̀yà. Ní 2015 ìgbìmọ̀ náà dá a láre, nígbà tó fi máa di 2017 ìjọba Kòríà ti fagi lé àyẹ̀wò ọ̀hún. Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o.

Íńdíà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń bá Kòríà ṣe àdéhùn òwò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wọn sínú ẹ̀, wọ́n sì gbà fún wọn pé ọmọ Íńdíà tó bá gboyè tó sì ní láísẹ́ńsì tíṣà lè wá ṣe olùrànlọ́wọ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì níléèwé ìjọba. Gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n gbà kọ́ nìyẹn, àmọ́ wọ́n béèrè, wọ́n sì rí nǹkan gbà. Àwa náà kúkú ń bá Kòríà àti Ṣáínà dòwò pọ̀. Samsung ló ṣe ọkọ̀ epo Egina ní Geoje ní Kòríà tí wọ́n wá gbé e wá sí Èkó ní 2018. CCECC ti Ṣáínà ló ṣe rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, owó Ṣáínà la yá fi ṣe é, a sì ń san án. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà náà ló kọ́ èbúté Lẹkki tí wọ́n ṣí ní 2023. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jókòó fọwọ́ síwèé yìí, ta ló rántí tíṣà? A ò rí ẹni tó rántí ẹ̀.

Ta ni tíṣà ọ̀hún tiẹ̀ máa lọ bá? Oṣù kẹsàn-án 2023 ni ìjọba ní kí gbogbo aṣojú wa padà wálé, ẹ́ḿbásì, háì kọmíṣọ̀n àti kọ́ńsúlétì 109, ó sì lé lọ́dún méjì kí orúkọ àwọn tuntun tó dé iwájú ilé aṣòfin àgbà. Ó lé lọ́dún méjì! Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ rántí oṣù kẹrin 2020, tí wọ́n ń lé àwọn ọmọ Áfíríkà jáde nílé ní Guangzhou, gbogbo wa la rí fídíò tí Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà tó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin nígbà yẹn fi ké sí aṣojú Ṣáínà, tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ lójúkojú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí àga báyìí, ẹnu yín dà?

Ọ̀rọ̀ Ìlú Ọba yàtọ̀ díẹ̀, a ò sì ní parọ́ mọ́ wọn. Jàmáíkà wà nínú orúkọ àwọn tí wọn ò ní kí wọ́n wá fẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì hàn, Barbados wà níbẹ̀, Trinidad wà níbẹ̀. Nàìjíríà ni ò sí. Láti oṣù kejì 2023 ni wọ́n sì ti ṣí ọ̀nà fún àwọn tíṣà wa láti wá kọ́ ọmọ wọn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní England, tíṣà yìí kan náà á tún lọ fẹ̀rí hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá kó jókòó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, tí owó ẹ̀ ti lé ní 200,000 náírà tó sì máa ń kú lẹ́yìn ọdún méjì, tàbí kó sanwó kí wọ́n yẹ sàtífíkéètì yunifásítì ẹ̀ wò. Àwọn ọ̀dọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ReformIELTS láti bá wa jà lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò yìí. Àwọn ọ̀dọ́ ló ṣe é, kì í ṣe mínísítà.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn iléèwé àdáni kan wà l'Ékòó àti l'Ábújá tó jẹ́ pé òyìnbó ni wọ́n fi ń polówó ara wọn lójú títì, tí wọ́n ń san dọ́là fún un, tí wọ́n sì ń fún ọmọ Nàìjíríà tí sàtífíkéètì ẹ̀ ju ti onítọ̀hún lọ ní owó tí ò tó ra epo. Àjọ TRCN, tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, ni òfin gbé iṣẹ́ fún láti mọ ẹni tó ń jẹ́ tíṣà nílẹ̀ yìí. Kí wọ́n wọ àwọn iléèwé yẹn lọ, kí wọ́n béèrè láísẹ́ńsì tíṣà àlejò bí wọ́n ṣe ń béèrè ti ọmọ onílé. Torí tí aṣojú wa bá lọ fẹjọ́ ẹ̀tanú sun àwọn ọmọ Kòríà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi dá a lóhùn nìyẹn.

Ohun tá a fẹ́ ò pọ̀. Kí Dókítà Àlàúsá àti mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ̀wé sí Seoul àti Beijing, kí wọ́n béèrè ìdí tí tíṣà Nàìjíríà tó ní dìgírì àti láísẹ́ńsì TRCN ò fi lè gba físà tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì gbé èsì tí wọ́n bá rí gbà síta ká rí i. Kí àjọ NiDCOM tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà nílẹ̀ òkèèrè, tí Arábìnrin Àbíkẹ́ Dábírí-Erewa ń darí ṣí ibì kan táwọn tíṣà tí wọ́n ti lé padà lè fi ẹjọ́ àti ẹ̀rí wọn ránṣẹ́ sí, àtẹ̀jíṣẹ́ o, ìpolówó iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lọ ṣe aṣojú wa ní Kòríà àti Ṣáínà, kó gbé fáìlì yẹn dání kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. A máa bi í léèrè ibi tó bá a dé kó tó lo ọdún kan níbẹ̀.